Nígbà Tí Wọ́n Bi Ọmọ Ogun Léèrè: Ìtàn Ìwádìí Láàárín Àwọn Ológun, Láti Fort Bragg Dé Maiduguri

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1941, ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jàpáàn ju bọ́ǹbù lu Pearl Harbor, àwọn olùwádìí kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní bárékè Fort Bragg, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n kó dání. Àwọn ọ̀gágun kọ́ ni wọ́n wá bi. Àwọn ọmọ ogun lásán, àwọn tí a ń pàṣẹ fún tí a kì í sì í gbọ́ tẹnu wọn, ni wọ́n wá bá. Wọ́n fẹ́ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, iṣẹ́ tí a yàn fún wọn àti àwọn tí ó ń darí wọn. Nígbà tí ogun yóò fi parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun tí a ti bi léèrè lọ́nà yìí ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ìwé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a sì lò ti lé ní 200. Kò sí ogun kan ṣáájú ìgbà náà tí a ti bi àwọn tí ó ń jà á léèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Orílẹ̀-èdè tí ológun ti jókòó lé lórí fún nǹkan bí ọdún 29 láàárín 1966 sí 1999, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ti ń bá Boko Haram jà láti 2009, ní ìdí púpọ̀ láti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ ogun kí ìbọn tó bá a sọ ọ́.

Mínísítà tí kò fẹ́ kí a béèrè

Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1941 yẹn kan náà, Henry Stimson, tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de ìwádìí èrò láàárín àwọn ọmọ ogun. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ ológun dúró lórí pé kí olúkúlùkù dáhùn fún ohun tí ó bá ṣe àti ohun tí ó bá sọ. Bí a bá wá ń gba èrò láti ọwọ́ ẹni tí kò fi orúkọ sílẹ̀, yálà ó yìn ni tàbí ó bú ni, okùn tí ó so ẹgbẹ́ ọmọ ogun pọ̀ ni a ń tú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ni ó gba èrò yìí gbọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ni ó sì gbà á gbọ́ títí di òní: ọmọ ogun kì í ṣe olùdìbò, ojú ogun kì í sì í ṣe ìpàdé ìlú.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni irú ènìyàn tí ó ń wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1940 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀, akọ̀wé, olùkọ́, mẹkáníìkì, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo wọn ni a kó jọ sí bárékè. Ará ìlú tí a wọ̀ ní aṣọ ológun ni wọ́n, wọ́n sì ti mọ́ra láti máa béèrè ìdí ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe. Ọ̀gágun George Marshall, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, rí i pé ọ̀nà àtijọ́ nìkan kò ní tó láti darí irú àwọn bẹ́ẹ̀. Frederick Osborn, oníṣòwò tí a sọ di ọ̀gágun, ni a fi ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ẹ̀mí àti ìwúrí àwọn ọmọ ogun lé lọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni Samuel Stouffer, onímọ̀ nípa àwùjọ láti Yunifásítì Chicago, ti darí iṣẹ́ ìwádìí náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é rọrùn láti ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n ó gba ìfaradà láti tẹ̀lé. Wọ́n yan àwọn ọmọ ogun ní ọ̀nà tí kò fi sí ojúsàájú. Wọ́n kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n ṣàlàyé pé kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì rí i dájú pé kò sí ọ̀gá kankan nínú ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ojúkojú ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń rán sí i. Gbogbo ètò yìí dá lórí òye kan ṣoṣo: ọmọ abẹ́ kì í sọ òtítọ́ kíkorò fún ẹni tí ó lè fìyà jẹ ẹ́.

Ohun tí wọ́n gbọ́

Ní 1949, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Princeton bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde fún aráyé, ìdìpọ̀ mẹ́rin lápapọ̀. Méjì àkọ́kọ́, tí àkọlé wọn jẹ́ The American Soldier, ni ó lókìkí jù. Àwọn kan kà á, wọ́n sì ní kí ni ó jẹ́ tuntun níbẹ̀, pé gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ ohun tí ìwé náà sọ. Paul Lazarsfeld ti Yunifásítì Columbia dá wọn lóhùn lọ́nà tí àwọn onímọ̀ kò tíì gbàgbé. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ bí ẹni pé inú ìwé náà ni ó ti fà wọ́n yọ: pé ọkàn àwọn tí ó kàwé púpọ̀ ni ó máa ń dàrú jù lójú ogun, pé àwọn ọmọ gúúsù Amẹ́ríkà, tí oòrùn ti mọ́ lára, ni ó lè fara da ooru erékùṣù Pásífíìkì ju àwọn ọmọ àríwá lọ, pé nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ogun ń fẹ́ padà sílé ju ìgbà tí Jámánì ti túúbá lọ. Òǹkàwé á máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni Lazarsfeld wá sọ pé òdìkejì gbogbo rẹ̀ ni ìwádìí fi hàn. Ohun tí ó dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í ṣe òtítọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè.

Ẹ̀kọ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ òṣèlú jù nínú ìwé náà dá lórí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín àwọn ọlọ́pàá ológun, ìgbéga ṣọ̀wọ́n bí ojú. Láàárín àwọn tí ó wà ní ẹ̀ka òfuurufú, ìgbéga ń yá kánkán. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò sọ pé inú àwọn ti òfuurufú ni yóò dùn sí ètò ìgbéga jù. Àwọn gan-an ni ó ń ráhùn jù. Àlàyé tí Stouffer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé ènìyàn kì í fi ohun tí ó ní nìkan díwọ̀n ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Ọlọ́pàá ológun tí kò rí ìgbéga wò yíká, ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun náà kò rí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ọmọ ẹ̀ka òfuurufú tí kò tíì rí i wò yíká, ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ ti kọjá òun, inú sì bí i. Láti inú ìwé yìí ni èrò náà ti wọ inú ẹ̀kọ́ nípa ìṣèlú, tí a fi ń ṣàlàyé ìdí tí ọ̀tẹ̀ fi máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan ń dára sí i, tí kì í sì í ṣe ìgbà tí ìyà pọ̀ jù nìkan.

Wọ́n béèrè nípa ìbẹ̀rù pẹ̀lú, ohun tí ọkùnrin kì í fẹ́ sọ. Nínú ìpín ọmọ ogun kan tí ó ti jà ní Pásífíìkì, ọmọ ogun 84 nínú 100 ni ó jẹ́wọ́ pé àyà òun ti lù kìkì ní ojú ìjà. 27 nínú 100 ti bì. 21 nínú 100 sì jẹ́wọ́ pé ìgbẹ́ ti bọ́ lára òun láìmọ̀. Àwọn tí wọ́n kó wálé láti àríwá Áfíríkà sọ pé ìbọn ńlá 88 ti àwọn Jámánì ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Wọ́n tún bẹ̀rù àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ó máa ń já ṣòòròṣò láti ju bọ́ǹbù, bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé ìpalára wọn kò tó ti àwọn ohun ìjà mìíràn. Ohun tí èyí kọ́ àwọn tí ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àmì ojo. Àwọn tí wọ́n ti jà rí náà sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a fún àwọn kò jọ ogun tó, pé ó yẹ kí ọmọ ogun ti gbọ́ ìró ìbọn gidi lókè orí rẹ̀ kí ó tó dé ojú ìjà.

Nígbà tí wọ́n sì béèrè ohun tí ó mú kí wọ́n máa jà lọ nígbà tí ó le, ìwọ̀nba kéréje ni ó dárúkọ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè tàbí ìkórìíra ọ̀tá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí iṣẹ́ náà lè parí kí àwọn lè relé, àti pé àwọn kò lè fi àwọn tí àwọn jọ wà sílẹ̀.

Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ lé, àti èyí tí wọ́n fi pamọ́

Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ lé tí ó hàn sí gbogbo ènìyàn jù ni ti ìtúnisílẹ̀. Àwọn ọ̀gágun mọ̀ pé bí ogun bá parí ní Yúróòpù, gbogbo ọmọ ogun ni yóò fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní gbà wọ́n. Ta ni yóò kọ́kọ́ lọ? Àwọn olùwádìí gbé ìbéèrè náà tọ àwọn ọmọ ogun fúnra wọn. Wọ́n fi oríṣi ọmọ ogun méjì wéra, wọ́n ní kí wọ́n yan ẹni tí ó yẹ kí ó ṣáájú: ẹni tí ó ti jà tí kò ní ìyàwó ni, àbí bàbá ọlọ́mọ tí kò kúrò ní Amẹ́ríkà rí? Láti inú ìdáhùn wọn ni a ti ṣe ètò máàkì. Oṣù kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ jẹ́ máàkì 1, oṣù kọ̀ọ̀kan ní òkè òkun jẹ́ máàkì 1 sí i, àmì ẹ̀yẹ tàbí ìjà ńlá kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 5, ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 12, ṣùgbọ́n kò kọjá ọmọ mẹ́ta. Ní oṣù Karùn-ún 1945, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pé 85 lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Ìráhùn ṣì wà, ìwọ́de pàápàá wáyé láwọn ibùdó kan lẹ́yìn tí Jàpáàn túúbá nítorí pé ìrìn àjò ń falẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun mọ òfin tí a fi ń ṣe é, wọ́n sì mọ̀ pé a fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn kí a tó ṣe é.

Èyí tí wọ́n fi pamọ́ jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà náà, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun kì í gbé ibùdó kan, wọn kì í sì í jà pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, nígbà tí ọmọ ogun ń wọ́n lẹ́yìn ìjà Ardennes, a gba àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó lé ní 2,000 tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn, a sì fi wọ́n sínú àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn kan nínú wọn fi ipò sájẹ́ǹtì sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ. Lẹ́yìn ìjà, àwọn olùwádìí lọ bi àwọn aláwọ̀ funfun. Nínú àwọn sájẹ́ǹtì tí wọ́n bá aláwọ̀ dúdú jà pọ̀, 77 nínú 100 sọ pé ojú rere tí àwọn fi ń wò wọ́n ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní aláwọ̀ dúdú kankan, 62 nínú 100 sọ pé àwọn kò fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárín àwọn tí wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, 7 péré nínú 100 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìròyìn yìí kò tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn, wọ́n kò sì jẹ́ kí ó jáde nígbà náà. Ó di oṣù Keje 1948 kí Ààrẹ Harry Truman tó pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin láàárín àwọn ológun.

Ohun méjì yìí ni ó yẹ kí a dì mú pọ̀. Bíbéèrè kò tó. Ẹni tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó máa ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Robert Lynd, onímọ̀ nípa àwùjọ mìíràn, sọ èyí láìfi bò ní 1949. Ó ní irú ìmọ̀ yìí lè di irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lókè láti máa fi darí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Ẹ̀sùn náà wúwo. A kò bi ọmọ ogun kí ó lè yan ogun tí yóò jà. A bi í kí ó lè ja èyí tí a yàn fún un dáadáa sí i.

Ọgbẹ́ tí kò hàn lára

Lẹ́yìn ogun yẹn, ìbéèrè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti orí ìwúrí sí orí ìlera ọkàn. Ogun Vietnam ni ó mú ìyípadà náà dé orí òfin. Ní 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ sí ìdààmú ọkàn tí ó máa ń tẹ̀yìn ohun ìpayà wá, tí a mọ̀ sí PTSD. Ní 1983, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a ka iye àwọn tí ó mú nínú àwọn tí ó lọ sí Vietnam. Èsì tí ó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980 fi hàn pé nǹkan bí ọkùnrin 15 nínú 100 ni ó ṣì wà nínú ìdààmú náà, ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti délé, àti pé nǹkan bí 30 nínú 100 ni ó ti ní in rí.

Ní 2004, ìwádìí tí a ṣe láàárín àwọn tí ó dé láti Ìráàkì àti Afghanistan, láìgba orúkọ ẹnikẹ́ni, tún fi ohun kan kún un. Nínú àwọn tí àmì àìsàn ọkàn hàn lára wọn, àwọn tí ó wá ìtọ́jú wà láàárín 23 sí 40 nínú 100. Àwọn tí ó nílò ìtọ́jú jù ni ó ń bẹ̀rù jù pé ọ̀gá àti ẹgbẹ́ yóò kà wọ́n sí aláìlera. Ìdí nìyí tí àìgba orúkọ, èyí tí Stimson kà sí ewu, fi di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 2007 ni ìjọba ti ń bi àwọn ọmọ ogun léèrè lọ́dọọdún nípa owó oṣù, ilé gbígbé, ìdílé, ohun èlò ìjà àti bóyá wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ará ìlú láti kà.

Nàìjíríà: ohun tí àkọsílẹ̀ sọ

Nàìjíríà kò ní irú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa ọkàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni a sábà máa ń mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni ti 1966. Nígbà tí orílẹ̀-èdè gba òmìnira ní 1960, àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀gá ológun. Láàárín ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ Nàìjíríà gba gbogbo ipò náà. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi di olórí àwọn ọmọ ogun ní 1965. Ẹni tí ó ti wọṣẹ́ ṣáájú gun àkàbà kánkán. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ bá àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ lókè, tí wọn kò ní fẹ̀yìn tì fún ogún ọdún. Ètò ìpín tún wà níbẹ̀, tí ó fún Àríwá ní ìdajì àyè àwọn ọ̀gá, tí ó sì pín ìyókù láàárín Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn. Chukwuma Kaduna Nzeogwu jẹ́ ẹni ọdún 28 nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1966. Yakubu Gowon jẹ́ ẹni ọdún 31 nígbà tí ó di olórí orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà.

Ní 1971, Robin Luckham, onímọ̀ nípa àwùjọ láti Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ológun Nàìjíríà láti 1960 sí 1967. Ó fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ológun hàn bí ìgbéga kánkán, ọjọ́ orí kékeré àti ìdè àárín àwọn ẹgbẹ́ tí ó jọ wọṣẹ́ ṣe pàdé ìjà òṣèlú ìta. Kò sọ pé ìgbéga nìkan ni ó fa ìdìtẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọkàn tòótọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìwà ìbàjẹ́, ìbò tí a yí, rògbòdìyàn Ìwọ̀-oòrùn àti ìfura láàárín ẹ̀yà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ka òfuurufú Amẹ́ríkà yóò dá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ mọ̀: ilé iṣẹ́ tí ìgbéga ti yá jù lọ ni àwọn tí ọ̀nà dí mọ́ máa ń bínú jù. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè nígbà tí ìdáhùn lè ṣe àǹfààní.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967. Àwọn ọmọ ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ di nǹkan bí 250,000 kí ogun tó parí ní oṣù Kìíní 1970. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó wọṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a sì rán lọ sójú ìjà. Orílẹ̀-èdè kéde pé kò sí ẹni tí ó borí, kò sì sí ẹni tí a borí. Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún ìlàjà, àmọ́ kò wo ọkàn àwọn tí ó padà délé sàn.

Ogun Liberia àti Sierra Leone ni ó mú àkọsílẹ̀ ìṣègùn tí ó ṣe kedere wá. Láti oṣù Kẹjọ 1990 ni Nàìjíríà ti ń kó ọ̀pọ̀ jù nínú ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀. Ní 2006, àwọn dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun tí a gbé wálé láti ojú ogun méjèèjì tí wọ́n sì wà nílé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé 22 nínú 100 ní ìdààmú ọkàn tí ó ń tẹ̀yìn ìpayà wá. Àwọn 38 nínú 100 ń dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn yè nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn kú. Ìdààmú náà so mọ́ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lójú ogun, ó so mọ́ ọtí àti igbó, ó sì so mọ́ ohun kan tí ìwé Amẹ́ríkà kankan kò dárúkọ: ọtí tí a po ẹ̀tù ìbọn mọ́, tí wọ́n mu láti lè fojú wo ikú. Ìwádìí kékeré ni, inú ilé ìwòsàn nìkan ni ó sì dé. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ọmọ ogun Nàìjíríà yóò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó fọkàn tán bá bi í.

Nígbà tí kò sí ibi tí a lè sọ̀rọ̀ sí

Ìyókù ìtàn náà kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Ní oṣù Karùn-ún 2014, ní Maiduguri, àwọn ọmọ ogun kan tí inú ń bí nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n kú nínú ìkọlù ojú ọ̀nà yìnbọn sí ọkọ̀ ọ̀gágun tí ó ń darí wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ikú fún 12. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó tún dá ẹjọ́ ikú fún 54 mìíràn tí wọ́n kọ̀ láti lọ gba àwọn ìlú padà lọ́wọ́ Boko Haram. Agbẹjọ́rò wọn, Femi Falana, sọ pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun ìjà tí ó tó. Ní oṣù Kejìlá 2015, ilé-iṣẹ́ ológun yí ẹjọ́ ikú àwọn 66 padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ìbáwí kì í ṣe ohun eré lójú ogun, ẹni tí ó bá sì yìnbọn sí ọ̀gá rẹ̀ ti kọjá ààlà ní ilẹ̀ èyíkéyìí. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì wà. Ṣé ọ̀nà kankan wà ṣáájú oṣù Karùn-ún náà tí kọ́púrà kan lè gbà sọ pé ìbọn kò tó, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé Abuja láìjẹ́ pé ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù? Ní oṣù Kọkànlá 2018, lẹ́yìn ìkọlù Metele, fóònù ni àwọn ọmọ ogun gbé sókè láti ya fídíò àwọn ohun èlò àtijọ́ tí a ní kí àwọn máa fi jà. Ní oṣù Keje 2020, àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ọmọ ogun 380 ti kọ̀wé fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn 24 sọ pé oyè ìlú ni àwọn fẹ́ lọ jẹ. Àwọn 356 kọ ọ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́kàn àwọn.

Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Níbi tí kò ti sí ìwé ìbéèrè, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni a óò máa kà. Ọ̀rọ̀ àwọn 356 yẹn kúrú jù láti ṣàlàyé ohunkóhun. Ìfẹ́ iṣẹ́ kúrò lọ́kàn nítorí kí ni? Nítorí pé wọ́n pẹ́ jù ní àríwá ìlà-oòrùn láìpààrọ̀ wọn? Nítorí ìgbéga, owó ojúmọ́, ìdílé, oorun tí kò wá mọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí ní ìwòsàn tirẹ̀, owó orílẹ̀-èdè sì wà nínú ìyàtọ̀ àárín wọn. Ìjọba tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ yóò máa ra ohun ìjà nígbà tí ó yẹ kí ó pààrọ̀ àwọn tí ó ti rẹ̀, tàbí kí ó máa pe wòlíì àti ìmáàmù wá ṣe ìwúrí nígbà tí ó jẹ́ ìbọn ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá ológun yóò fi dá èyí lóhùn ni pé ogun ń lọ lọ́wọ́, ọ̀tá sì ń gbọ́. Ìtàn fèsì sí i. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kọlù ú, ó ṣe é jálẹ̀ ogun tí ó tóbi jù nínú ìtàn aráyé, ó fi èsì náà sábẹ́ àṣírí nígbà tí ogun ń lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ó parí. Kò sí ìjà kankan tí ó pàdánù nítorí pé ó bi ọmọ ogun léèrè. Èyí tí ó fi pamọ́ nítorí ojú tì í, ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó pa á lára.

Òfin kò dí Nàìjíríà lọ́wọ́. Abala 218 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti ṣòfin lórí ìyànsípò, ìgbéga àti ìbáwí àwọn ológun. Ilé tí ó ní agbára yìí lè pàṣẹ fún ìwádìí ọdọọdún tí kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, tí àwọn onímọ̀ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá ológun kankan yóò ṣe, tí èsì rẹ̀ yóò dé iwájú àwọn aṣòfin nínú yàrá tí a tì, kí àkókò tó tó láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn aṣòfin a máa béèrè iye owó tí a ná lórí ọkọ̀ ogun lọ́dọọdún nígbà ìṣúnná owó. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí a ní kí ó wa ọkọ̀ náà lọ sínú Sambisa kò tíì sí nínú ohun tí wọ́n ń béèrè.